Super Bowl LIII lórí fíìmù: ìpín kẹta ti parí, eré Cooks ló kù

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí kọ̀ǹpútà ni. Ọrùn ń dùn mí, àmọ́ inú mi dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìpín kẹta nínú mẹ́rin Super Bowl LIII, ìdíje àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà láàárín Patriots àti Rams, ti wọ inú ìwé tí mo fi ń kọ eré kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti inú fíìmù tán, àyàfi eré kan ṣoṣo, ti Brandin Cooks, receiver (ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù) Rams. Eré yẹn ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò tí mo fi jókòó, òun náà ló sì máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ibi tí a dé. Atlanta, oṣù Kejì ọdún 2019, 3–0 ni Patriots fi wà níwájú nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Rams, tó jẹ́ pé Chiefs nìkan ló gba àmì ayò jù wọ́n lọ ní sáà yẹn, kò rí nǹkan kan mú. Ìgbà mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ wọn, punt ni gbogbo rẹ̀ já sí, ìyẹn ni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù padà fún alátakò. Ọ̀kan nínú wọn tí Johnny Hekker gbá rin yáàdì 65, kò sì tíì sí punt tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní Super Bowl títí di ọjọ́ náà. Èmi fẹ́ràn Hekker, àmọ́ kì í ṣe torí punt ni mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Àwọn kọ́lọ́ọ̀mù tó ti parí nínú ìwé mi nìyí. Dáùn (ìgbìyànjú kelòó) àti yáàdì tó kù: ó ti kún. Iye running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré) àti tight end (ẹni tó ń dènà tó sì tún ń gba bọ́ọ̀lù): ó ti kún, Rams kò sì kó wàhálà bá mi níbẹ̀ torí receiver mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kó wọlé: Brandin Cooks, Robert Woods àti Josh Reynolds, nítorí Cooper Kupp ti ṣèṣe láti oṣù Kọkànlá. Motion, ìyẹn ẹni tó ń rìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ó ti kún. Front, bí àwọn aláàbòbò Patriots ṣe tò síwájú: ó ti kún, mẹ́fà lórí ìlà, linebacker (aláàbòbò tó dúró lẹ́yìn ìlà) kan lẹ́yìn wọn, léraléra.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí front yẹn, torí òun ló gbé gbogbo ìyókù. Eré outside zone ni ìpìlẹ̀ Rams lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Sean McVay. Todd Gurley, running back wọn, á sáré sí ẹ̀gbẹ́, àwọn ará ìlà á jọ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, linebacker á tẹ̀ lé wọn, ìgbà yẹn ni Jared Goff, quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) wọn, á wá díbọ́n pé òun fún Gurley ní bọ́ọ̀lù, á sì jù ú sí ẹ̀yìn linebacker tó ti ṣí àyè sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní play action. Tí ènìyàn mẹ́fà bá ti wà lórí ìlà, kò sí etí tí Gurley fẹ́ gbà yọ, linebacker kò sì ní ìdí láti sáré bọ́ síwájú. Vic Fangio àti ìdáàbòbò Bears ti fi èyí hàn ní oṣù Kejìlá 2018, nígbà tí wọ́n na Rams 15–6 tí wọ́n sì gba bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí Goff jù. Ẹni tó bá fi ìdíje méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn á rí i pé Bill Belichick, akọ́nimọ̀ọ́gbá Patriots nígbà náà, wo fíìmù Bears dáadáa. Ní Atlanta, ìgbà mẹ́wàá ni Gurley gbé bọ́ọ̀lù sáré, yáàdì 35 ló rí kó.

Ó dáa. Ibi tó le nìyí: kọ́lọ́ọ̀mù coverage, ọ̀nà tí ìdáàbòbò ń gbà ṣọ́ àwọn receiver.

Méjì ni mo ya fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ohun tí ìdáàbòbò fi hàn kí snap (ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀ tí eré bẹ̀rẹ̀) tó wáyé, èkejì fún ohun tí wọ́n ṣe gan-an lẹ́yìn snap. Èmi rò pé méjì tó. Kò tó fún ìdíje yìí, ìdí rẹ̀ sì ni rédíò. Ẹ mọ òfin náà: ohùn akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń kú létí quarterback nígbà tí aago tó ń ka àkókò kí snap tó wáyé bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15. Ní gbogbo sáà yẹn, Rams á yára tò sórí ìlà kí rédíò tó kú, kí McVay lè wo ìdáàbòbò kó sì bá Goff sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ròyìn lẹ́yìn ìdíje ni pé Belichick àti Brian Flores tó ń darí ìdáàbòbò rẹ̀ máa ń pe ètò méjì papọ̀: ọ̀kan kí McVay lè rí i, èkejì fún ìgbà tí rédíò bá ti kú. Ẹ wá rò ó wò. Ó túmọ̀ sí pé ìrísí mẹ́ta ló wà fún eré kan: ti kí aago tó kan 15, ti lẹ́yìn 15, àti ti lẹ́yìn snap.

Fíìmù All-22 tí gbogbo wa fẹ́ràn kò ràn mí lọ́wọ́ níbí. Láti 2012 ni NFL ti ń ta á fún ará ìta, ó sì níye lórí gan-an torí gbogbo ènìyàn 22 ló wà nínú àwòrán, àmọ́ kò pẹ́ tí fíìmù eré kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ tí snap fi máa ń wáyé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí aago tó kan 15 ti lọ. Fíìmù tẹlifíṣọ̀n ti CBS ní àkókò yẹn nínú, ṣùgbọ́n ojú McVay ni kámẹ́rà ń wò, tàbí kí wọ́n máa tún eré tó kọjá fi hàn, nígbà tí wọ́n bá sì padà sí pápá, àwọn safety (aláàbòbò tó jìnnà sẹ́yìn jù) kò sí nínú àwòrán. Ọ̀kan ní àkókò, kò ní ènìyàn. Èkejì ní ènìyàn, kò ní àkókò.

Ọgbọ́n tí mo wá dá ni pé mo ṣí méjèèjì papọ̀ nínú VLC (ètò tí a fi ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà), fèrèsé méjì, mo ń fi lẹ́tà E rìn ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ọwọ́ center (ẹni tó ń fa bọ́ọ̀lù fún quarterback) mú wọn dọ́gba: àwòrán àkọ́kọ́ tí bọ́ọ̀lù ti kúrò nílẹ̀ ni òdo. Láti òdo ni mo ń kà padà sẹ́yìn lórí ti tẹlifíṣọ̀n títí dé ibi tí aago wà ní 15. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ linebacker àti ibi tí corner (aláàbòbò etí pápá) dúró sí ni mo fi ń mọ ohun tí safety ń ṣe lẹ́yìn wọn tí n kò rí. Corner tó yí ẹ̀yìn sí etí pápá tó ń wo quarterback, zone ni, àgbègbè ló ń ṣọ́. Corner tí ojú rẹ̀ kò kúrò ní ìbàdí receiver, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ man, tí ẹnì kan ń ṣọ́ ẹnì kan, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ quarters, irú zone kan, tó ń dúró de ohun tí receiver máa ṣe. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé àti bírò díẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú, torí àwọn kan bi mí ohun tí mo fi ń ya àwọn eré náà. Mo ti padà sí pẹ́ńsù. Bírò tí yíǹkì rẹ̀ máa ń parẹ́ tí a bá fi ìdí rẹ̀ ra á dára fún yíya ipa ọ̀nà receiver, àmọ́ ooru ló ń pa yíǹkì náà rẹ́, ìwé tí ènìyàn bá sì gbàgbé sínú mọ́tò lọ́sàn-án lè di òfìfo. Pẹ́ńsù pupa fún corner, búlúù fún safety, dúdú fún ìyókù, lórí ìwé onígun mẹ́rin tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń ṣe ìṣirò: àpótí kan, yáàdì kan. Kò wọ́n, ó sì dọ́gba ju ìwé tí wọ́n ti tẹ pápá sí tẹ́lẹ̀ lọ.

Eré Cooks wàyí.

Nítòsí ìlà yáàdì 30 Patriots ni wọ́n wà, ìparí ìpín kẹta ti ń sún mọ́. Play action. Cooks gba àárín pápá lọ, ó dé inú end zone (ìparí pápá, ibi tí wọ́n ti ń gba touchdown, àmì ayò tó tóbi jù), kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Goff pẹ́ kó tó jù ú, bọ́ọ̀lù sì pẹ́ lókè. Jason McCourty, corner tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní apá kejì pápá, sáré kọjá wá, ó dé bí bọ́ọ̀lù ṣe dé, ó sì gbá a kúrò lọ́wọ́ Cooks. Rams kò rí ju field goal (bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá sáàárín òpó góòlù) yáàdì 53 ti Greg Zuerlein lọ, 3–3. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá ti kúrò lọ́wọ́ Goff kíákíá, 7–3 ni, ìdíje mìíràn là bá máa wò.

Gbogbo ènìyàn ló ń yin McCourty, ó tọ́ sí i. Èmi fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ Cooks.

Tí ó bá jẹ́ quarters, mẹ́rin ló pín ẹ̀yìn, corner méjì àti safety méjì. Corner ń wo receiver kìíní láti etí pápá, safety ń wo ẹni kejì. Ẹni kejì bá sáré gbọọrọ síwájú, safety ló ni ín. Bó bá gba abẹ́ kọjá lọ sí apá kejì, safety á jọ̀wọ́ rẹ̀ fún linebacker, á sì yíjú padà sọ́dọ̀ ẹni kìíní. Wọ́n ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ara wọn bí àwọn oníṣẹ́ ilé ṣe ń ju búlọ́ọ̀kù sí ara wọn lórí àtẹ̀gùn: ẹni tó bá yíjú kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, búlọ́ọ̀kù á já. Tí ó bá jẹ́ Cover 3, mẹ́ta ló pín ẹ̀yìn, safety kan ló ni àárín, èkejì ti sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń ṣọ́ ẹni tó bá gba àárín lọ jìnnà.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí Rams ṣe máa ń tò. Wọn kì í tẹ́ receiver sí etí pápá. Wọ́n á kó wọn sún mọ́ tackle (ẹni tó wà ní ìparí ìlà), gbogbo wọn nínú. Láti ibẹ̀, kété tí snap bá wáyé, ẹni tó jẹ́ kìíní lè kọjá sínú, kí ẹni kejì sì di kìíní. Corner àti safety gbọ́dọ̀ ka ara wọn lọ́tun kí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó pé. Patrick Chung, ọ̀kan nínú àwọn safety Patriots, sì ti fi pápá sílẹ̀ ní ìpín kẹta yìí kan náà, apá rẹ̀ ló kán, nítorí náà ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwọn safety ti yàtọ̀ sí ti ìpín kìíní. Jonathan Jones tí a mọ̀ sí corner inú ti ń ṣe iṣẹ́ safety tẹ́lẹ̀ nínú ìdíje yìí pàápàá.

Mo kọ quarters sí i. Mo pa á rẹ́. Mo kọ Cover 3, kò jókòó dáadáa pẹ̀lú ibi tí Jason McCourty ti wá, torí ẹni tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó ṣì ní ìgboyà láti fi àgbègbè tirẹ̀ sílẹ̀ ti gbọ́dọ̀ rí i pé kò sí ewu kankan níwájú òun, èyí sì bá ọ̀nà tí corner quarters ń gbà wo eré mu jù. Mo kọ quarters padà, mo sì fi àmì ìbéèrè sí i. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé fíìmù ń fi ẹsẹ̀ hàn, kì í fi ohun tí wọ́n pè hàn. Ẹni méjì lè ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe tọ́ lábẹ́ ìpè méjì tó yàtọ̀, kí Cooks sì dá wà.

Bí mo ṣe ń kọ èyí ni mo ń yí ètò mi padà. Ohun tí mo ṣèlérí ni pé mo máa kó iye zone àti man gbogbo ìdíje náà jọ, kí n fi ìpín ọgọ́rùn-ún hàn yín, nítorí Patriots tó ń ṣe man ní gbogbo sáà ni wọ́n gbé zone wá sí Atlanta. Mo ti fi ìpín ọgọ́rùn-ún yẹn sílẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jókòó lórí àmì ìbéèrè kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Dípò rẹ̀, mo fẹ́ ṣí kọ́lọ́ọ̀mù tuntun: nínú eré play action kọ̀ọ̀kan, ta ló gba Cooks lọ́wọ́ ta, ní yáàdì mélòó? Ìyẹn ṣeé rí lójú láìmọ ìpè. Nítorí náà, màá padà sí ìpín kìíní àti ìkejì fún kìkì eré tí Goff ti díbọ́n, kí n wo bí wọ́n ṣe gba Cooks lọ́wọ́ ara wọn nígbà tí Chung ṣì wà, kí n sì fi wé èyí.

Mo ti yọjú wo ìpín kẹrin, mi ò lè pa á mọ́ra. Ọ̀nà tí Patriots gbà gba touchdown kan ṣoṣo ìdíje náà dùn mọ́ mi. Josh McDaniels, tó ń pe eré fún Patriots, kó running back méjì àti tight end méjì wọlé, Rams náà kó àwọn ènìyàn ńlá wọn wọlé, ni Patriots bá tú gbogbo wọn ká sí gbogbo pápá, linebacker sì di ẹni tó ń lé receiver. Hoss Y-Juke ni orúkọ eré tí wọ́n pè, ẹni ìta méjì á dúró kúkúrú, àwọn tó wà nínú wọn á sáré gbọọrọ síwájú, Julian Edelman á wà láàárín tó ń yan ibi tó wù ú. Wọ́n pè é, Edelman rí yáàdì 13. Wọ́n tún un pè, Rex Burkhead rí 7. Wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀kẹta, Rob Gronkowski gba gbọọrọ náà lọ, yáàdì 29, ó dé ìlà yáàdì 2, Sony Michel sì gbé e wọlé. Eré kan náà nígbà mẹ́ta léra wọn, Wade Phillips, tó ń darí ìdáàbòbò Rams, kò sì rí àyè pààrọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìyẹn máa gba àkọsílẹ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí Stephon Gilmore, corner Patriots, gbà mọ́ Goff lọ́wọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú 4:17, tí Patriots fi gbogbo zone sílẹ̀ lójijì, tí wọ́n rán Duron Harmon, safety wọn, láti ẹ̀yìn láti lọ bá Goff.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní àwòrán eré Cooks láti ẹ̀yìn góòlù tó mọ́ ju tèmi lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìbàdí àwọn safety ní àkókò tí Goff ń díbọ́n, kí ẹ sì sọ apá ibi tó kọjú sí fún mi. Tèmi ti di kùrukùru níbi tí mo nílò rẹ̀ jù.