Ẹ bá mi dúpẹ́, ọ̀sà ò gbé wa mì

Ẹ yin Olúwa! Ẹ tún yìn ín sí i! Ẹnu mi ò gbọpẹ́, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fúnra mi, nítorí àwọn kan ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ti ń bá mi parí ìdajì tó kù.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun mi ni. Lightning ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀ ìgbòkun tó ti wà láti 1932, á ti rí i rí. Olin Stephens ló ya àwòrán rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1938. Fẹ́ẹ̀tì 19 ni gígùn rẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló sì máa ń wà á. Tèmi, onípákó ni. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ló fi tapólì bò ó sí ẹ̀yìnkùlé, tí ewúrẹ́ sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní February 14, 2022, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tí a ó wọlé padà, bàbá yìí ní kí n wá gbé e. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ ní Akọka. Ó ní ṣé inú ìwé nìkan ni mo ti fẹ́ di ẹńjíníà ni.

Mo gbé e lọ bá bàbá Ègùn kan tó ń kan ọkọ̀ ní Makókò. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ó yọ ọ̀bẹ, ó ń fi èèkù rẹ̀ kan pákó lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí, ó ń dẹtí. Èyí tó dún kán-kán, ó fò ó. Èyí tó dún bòò, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Nígbà tó máa parí, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán! Kòkòrò omi iyọ̀ ló jẹ ẹ́ kí wọ́n tó gbé e wálẹ̀, òjò ló wá bá a parí iṣẹ́. Bàbá ní kí n wá pákó igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ fún ìdí ọkọ̀, torí kòkòrò inú omi kì í tètè rí i jẹ, kí n sì ra pákó ọ̀gánwó fún ẹ̀gbẹ́. Òkobàbá, níbi tí wọ́n ti ń ta pákó, ni mo ti rà á. Iye tí mo san, ẹ má bi mí. Bàbá wé àkísà mọ́ pákó, ó ń da omi híhó lé e, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, títí pákó tó le gbagidi fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ba bí ìyàwó tó rí àna rẹ̀.

October 14 tí àwọn olùkọ́ dá ìdaṣẹ́sílẹ̀ dúró, iṣẹ́ ọkọ̀ ò tíì tán. Lẹ́kíṣọ̀ ń gun ara wọn, ìdánwò ń bọ̀, project ń dúró. Epoxy, gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ pákó, ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: tí o bá ti pò ó, àfi kí o lò ó kó tó le. Oorun ni mo wá ń rẹ́ jẹ. Ìyá mi sọ ọkọ̀ náà ní Jẹwójẹwó.

Ọ̀sán Sátidé kan ní April 2023 la wà á jáde, èmi, àbúrò mi ọkùnrin àti ọmọ kíláàsì mi kan. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹni tó ń gbé etí ọ̀sà mọ̀ pé lásìkò yẹn, ìjì tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ kì í kanlẹ̀kùn. Òkè wa mọ́ roro nígbà tí ọ̀nà Ìkòròdú ṣú dùdù. A já ìgbòkun wálẹ̀ kíá, ká tó rí i dì, ìjì ti gbá ọkọ̀ dà. Láti inú omi, mò ń rí àwọn mọ́tò lórí Third Mainland Bridge tí wọ́n ń tan iná. Kò sẹ́ni tó rí wa. Ọmọ kíláàsì mi ní òun máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí Ọ̀wọ́rọ̀. Àbúrò mi gbá okùn láìfù-jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó ní, "O ò lọ ibì kankan. Ọkọ̀ ò rì, dì í mú."

Ẹ mọ àwọn oníyanrìn ọ̀sà, àwọn tó ń mú garawa wọ ìsàlẹ̀ omi lọ bu yanrìn, tí wọ́n ń fi tapólì àti àpò ìrẹsì rán ìgbòkun. Àwọn ni Ọlọ́run rán. Ọkọ̀ wọn kún dẹ́múdẹ́mú, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, kò sí bí èèyàn mẹ́ta ṣe lè wọ̀ ọ́. Wọ́n bá mú ṣọ́bìrì, wọ́n ń da yanrìn padà sómi. Owó iṣẹ́ ọjọ́ wọn ni wọ́n ń dà nù yẹn o! Wọ́n ń dà á, wọ́n ń pariwo sí wa lédè Ìlàjẹ pé ká má jọ̀wọ́ ọkọ̀. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìwàásù lórí ìfẹ́ ọmọnìkejì, n ò rí i rí bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n fa ọkọ̀ wa dé èbúté. Nígbà tí mo padà lọ bá wọn pẹ̀lú owó, ọ̀gá wọn kọ̀ ọ́. Ó ní kí n lọ fi ra okùn gidi, pé èyí tí mo ń lò, aṣọ ni wọ́n ń sá sí i.

Ibà gbé mi dè. Ohùn há mọ́ mi lọ́fun níwájú àwọn tó bi mí léèrè lórí project, síbẹ̀ mo yege, mo ti jáde.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí n dáná sun ọkọ̀ náà, pé ìyẹn gan-an ni ọpẹ́. Ẹ má bínú, n ò sun ún, n ò sì tà á. Ọ̀gánwó tí mo rà lówó gọbọi ló gbé wa dúró lójú omi.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni màá ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn oníyanrìn náà ń bọ̀, mo sì ti sọ fún àwọn ọ́ṣà pé ìjókòó iwájú ni tiwọn. Ìrẹsì máa pọ̀, ẹ wá jẹun. Ẹ kàn bá mi má sọ àpò rẹ̀ nù, ọ̀gá wọn ti ní kí n tọ́jú gbogbo rẹ̀ de òun.