Bí 3 Ṣe Dójú Tì Mí Níwájú Pátákó

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo dúró níwájú pátákó ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa nítòsí Sápọ́n, ní Abẹ́òkúta, tí àwọn ọmọ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí fi mí rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ padà sí ìwé lẹ́yìn tí ẹ ti ní ọmọ àti ìsọ̀, tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC, tí ìṣirò sì ń dẹ́rù bà yín, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ sí, nítorí ohun tí ó ṣe mí lè máa ṣe yín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ fura.

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé n kò lè ṣírò owó. Ẹni tí ó bá ti bá mi nájà rí lè jẹ́rìí. Òun gan-an ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí jù.

Olùkọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì tó àbúrò mi ìkẹyìn, kọ 5(x − 2) = 5x − 7 sí pátákó, ó sì ní kí n wá x. Mo tú àkámọ́, ó di 5x − 10 = 5x − 7, kò sì sí àṣìṣe kankan títí dé ibẹ̀. Mo yọ 5x ní apá òsì, mo yọ ọ́ ní apá ọ̀tún, ni mo bá rí −10 = −7. N kò rí x mọ́. Mo dúró, mo ń wo èékánná mi tí aró ti wọ̀ lára, tí ṣọ́ọ̀kì funfun wà láàárín wọn. Mo fi ọwọ́ nu gbogbo rẹ̀, mo tún un ṣe, −10 = −7 tún jáde. Ọmọkùnrin kan wí lẹ́yìn pé, "Àǹtí ti pa x tán, wọ́n tún wá ń wá a."

Bí mo bá ti sọ ohun tí ojú mi rí, ìtìjú náà ì bá má wáyé. Ṣùgbọ́n mo gbà lọ́kàn pé kò sí ìbéèrè tí kì í ní ìdáhùn, mo sì rí i pé −7 fi 3 ju −10 lọ, nítorí náà mo kọ x = 3, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó dá a lójú.

Olùkọ́ ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi 3 yẹn sí ipò x ní ìlà àkọ́kọ́, kí gbogbo wa lè rí i." Apá òsì jẹ́ 5. Apá ọ̀tún jẹ́ 15 − 7, ìyẹn 8. Ó béèrè bóyá 5 àti 8 dọ́gba, mo ní rárá. Ó béèrè ibi tí mo ti rí 3, n kò lè fọhùn, ẹ̀rín sì bú. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n fi 10 síbẹ̀: 40 àti 43. Ó ní kí n fi 100 síbẹ̀: 490 àti 493. Nígbà náà ni mo tó rí i pé 3 tí mo kọ kì í ṣe x rárá, àlàfo tí ó wà láàárín apá méjèèjì ni, nọ́ńbà yòówù tí a bá sì fi síbẹ̀, àlàfo náà kò ní dí. Ìdọ́gba yẹn kò ní ojútùú, ohun tí ó yẹ kí n kọ nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó wọ̀ mí lára. Owó ìsọ̀ mi jẹ́ 24,000 náírà lóṣù. Nígbà tí aṣọ kan ń ná mi ní 9,000, tí mo sì ń tà á ní 12,000, ìdọ́gba mi ni 24,000 + 9,000x = 12,000x, aṣọ 8 sì ni ó ń dá owó mi padà: 96,000 lọ́tùn-ún, 96,000 lósì. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó aṣọ funfun àti èròjà aró gun òkè tí aṣọ kan wá ń ná mi ní 12,000, mo ṣì ń tà á fún oníbàárà mi kan ní 12,000, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ti tà púpọ̀, owó ìsọ̀ yóò jáde. Ẹ wò ó: 24,000 + 12,000x = 12,000x. Ẹ fi 8 síbẹ̀, ẹ fi 800 síbẹ̀, 24,000 náà kò ní jáde. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wá x tí kò sí.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹ dá nọ́ńbà yín padà sí ìlà àkọ́kọ́. Ojútùú ni nọ́ńbà tí ó bá mú kí apá méjèèjì dọ́gba níbẹ̀, yálà ọ̀nà tó péye ni ẹ fi rí i tàbí ẹ kàn méfò. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo wí o, nítorí bí ẹ bá dán an wò ní ìlà kẹta tí àṣìṣe yín sì wà ní ìlà kejì, yóò dọ́gba, yóò sì tàn yín jẹ.

Ẹ má sì fi òdo pe àìsí. Ojútùú 7x = 0 ni òdo, nọ́ńbà gidi ni. Mo ti ṣi èyí náà ṣe rí, nígbà tí 4(x + 3) = 4x + 12 di 0 = 0 lọ́wọ́ mi tí mo kọ x = 0. Òdo dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n 1 náà dọ́gba, 8 náà dọ́gba, gbogbo nọ́ńbà ni ó dọ́gba níbẹ̀. Bí mo bá ti dán ẹyọ kan péré sí i wò, ǹ bá ti mọ̀.

Àmì = ni ó ń ṣì mí lọ́nà, mo máa ń kà á sí "ìdáhùn ń bọ̀". Robert Recorde, onímọ̀ ìṣirò ará Wales, ni ó fi í sínú ìwé rẹ̀ ní 1557, ó sì yan ìlà méjì tí ó gùn bákan náà nítorí pé kò sí ohun méjì tí ó lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Àwa náà kò ṣàì mọ ìdọ́gba: nígbà tí a bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, nọ́ńbà tí ó ku 5 kí ó pé 50 ni a ń wí, ìyẹn x + 5 = 50. Ẹ fi 45 síbẹ̀ kí ẹ wò ó. Ẹ ṣáà máa dá a padà.

Mo ti padà sí kíláàsì, a sì ti kúrò lórí ẹ̀kọ́ yẹn. Láàárọ̀ àná, mo fi iye tuntun ránṣẹ́ sí oníbàárà mi, 15,000 lórí aṣọ kan. Mo ti fi 8 dán an wò nínú ìwé gbèsè mi kí n tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: 120,000 lọ́tùn-ún, 120,000 lósì. Wọn kò tíì dá mi lóhùn.