Gàárì Dúdúyẹmí: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Sátidé

Irun funfun ni mo rí. Dúdúyẹmí, ẹṣin mi, dúdú láti orí dé ìrù, àmọ́ bí mo ṣe ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo rí irun funfun bíi méje lẹ́yìn èjìká òsì. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a mú un wọ Àkúrẹ́. Ibi tí gàárì bá ti ń tẹ ẹran ara jù, ìdí irun á bàjẹ́, èyí tó bá hù padà níbẹ̀ á sì funfun. Ó dùn mí wọnú egungun. Oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ń gùn ún, kò sì lẹ́nu tó lè fi sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Oṣù tó kọjá, mo ti rí i pé ó ń di etí sẹ́yìn tí a bá fẹ́ di gàárì. Aṣọ nípọn méjì ni mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, mo rò pé ara á tù ú. Ṣé ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀ ló yẹ ká tún fún ní ìbọ̀sẹ̀ méjì? Mo ti kó àwọn aṣọ náà kúrò. Mi ò ní gùn ún mọ́ títí a ó fi rí gàárì tó bá a mu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Òní la wọn ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà iná tó nípọn, èyí tó máa ń dúró bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́, ni mo fi ṣe é. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì sí ẹ̀yìn eegun èjìká, mo gbé e sórí páálí, mo fi bírò tọ ojú rẹ̀, mo sì gé e. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn, mo tún ṣe é níbi tí ìhà parí sí. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ wáyà náà gbọọrọ láti èjìká lọ sí ìdí.

Ìhà méjìdínlógún ló sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ara ẹṣin. Gàárì ò gbọ́dọ̀ kọjá èyí tó kẹ́yìn, torí pé lẹ́yìn ibẹ̀, kò sí ìhà tó ń gbé ẹrù mọ́. Ọmọkùnrin tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ di ìjánu mú, èmi fi ìka tọ ìhà tó kẹ́yìn láti ẹ̀gbẹ́ ikùn gòkè títí dé ẹ̀yìn. Láti ẹ̀yìn èjìká dé ibẹ̀, íńṣì 16 péré ni. Tìmùtìmù abẹ́ gàárì mi jẹ́ íńṣì 19.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni páálí ti gbọọrọ yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bíi pátákó. Abẹ́ gàárì mi ní tirẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Ìdí nìyẹn tó fi ń mì síwá sẹ́yìn bí mo bá jókòó. Látọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ fífẹ̀ nìkan ni mò ń rò: ẹṣin tó fẹ̀, gàárì tó fẹ̀. Kò tó bẹ́ẹ̀. Gàárì lè fẹ̀ kó sì tún pa ẹ̀yìn lára, bó bá ti tẹ̀ tí ẹ̀yìn sì tẹ́.

Ọjọ́bọ̀

Mo dé ọ̀dọ̀ Màlámù kan ní Ṣáṣá tó ní gàárì Hausa méjì, èyí tó ga níwájú tó sì ga lẹ́yìn. Iṣẹ́ awọ ara rẹ̀ wú mi lórí, àmọ́ igi inú rẹ̀ há. Páálí mi ò wọ̀ ọ́.

"Àǹtí, ẹṣin yín ló sanra. Ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti yẹ ìyẹn wò: bí mo bá fọwọ́ ra ìhà rẹ̀, mo ń mọ̀ ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ọ̀rá. Bí Ọlọ́run ṣe dá egungun rẹ̀ nìyẹn.

Sátidé, ọ̀sẹ̀ kẹta

A rí i! Ọkùnrin kan tó ti ń gbá pólò n'Íbàdàn rí ló ń tà á. Abẹ́ rẹ̀ tẹ́, tìmùtìmù rẹ̀ jẹ́ íńṣì 15 ààbọ̀, páálí iwájú sì wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Àlàfo àárín tìmùtìmù méjèèjì gba ìka mẹ́ta dáadáa, nítorí náà kò ní kan ọ̀pá ẹ̀yìn. Àmọ́ ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ ti dì kókó-kókó.

Irun àgùntàn ló dára jù láti fi kì í, àgùntàn ilẹ̀ wa ò sì ní irú irun bẹ́ẹ̀. Ìdí òkìríkà l'Ọjà Ọba ni mo gbà lọ, mo ra súwẹ́tà mẹ́rin. Mo já fọ́nrán lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi iná ràn án. Èyí tó bá jẹ́ irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, á sì di eérú. Èyí tó bá jẹ́ rọ́bà á yọ́. Ọ̀kan yọ́, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ méjì la fi tú mẹ́ta yòókù sí fọ́nrán, èmi àti bàbá aránbàtà kan ní Òkè-Àró. Mo fẹ́ kì í kó kún dáadáa. Bàbá gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, fi àyè sílẹ̀. Ẹ̀yìn ẹṣin náà ṣì máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe fẹ́."

Àìkú

Mo gùn ún fún ìlàjì wákàtí, ìrìn jẹ́jẹ́ la rìn jù, lórí koríko lọ́nà Ọba-Ilé. Kò di etí sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó na ọrùn sílẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ sì ń gùn sí i. Mi ò rí irú rẹ̀ rí látìgbà tó ti dé.

Mo tú gàárì, mo wo òógùn. Apá ọ̀tún tutù délẹ̀ délẹ̀. Ní òsì, ibì kan tó tó ojú agolo mílíìkì gbẹ, lẹ́bàá ibi tí irun funfun wà. Bí ibì kan bá gbẹ báyìí, ó lè jẹ́ pé gàárì ò kàn án, ó sì lè jẹ́ pé ó ń tẹ̀ ẹ́ jù. Mo tún dì í, mo ki ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi há. Mo ti ṣàmì sí i pẹ̀lú ẹfun. L'Ọ́jọ́bọ̀, Bàbá á tú ojú rírán apá òsì, a ó yọ díẹ̀ níbẹ̀.