Àlejò tí kò forúkọ wọlé nínú Spring Security

Ẹni tí kò tíì wọlé kì í ṣe òfo lójú Spring Security, irinṣẹ́ ààbò fún àwọn ètò Java. AnonymousAuthenticationFilter á fún un ní AnonymousAuthenticationToken: orúkọ rẹ̀ á di anonymousUser, àṣẹ rẹ̀ á di ROLE_ANONYMOUS. Ibi tí wàhálà wà nìyí: isAuthenticated(), tó ń sọ bóyá a ti dá ẹnì kan mọ̀, máa dáhùn true (bẹ́ẹ̀ ni) fún un! Ẹni tó bá fi ìyẹn nìkan ṣọ́ ojú ìwé ìsanwó ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Ẹ lo isAnonymous() ti AuthenticationTrustResolver, tó ń dá irú àlejò yìí mọ̀, tàbí kẹ́ ẹ kọ authenticated() sínú authorizeHttpRequests (ibi tí à ń kọ òfin ìwọlé sí), èyí tí mo fẹ́ràn jù.

Nínú controller (kóòdù tó ń dáhùn request, ìyẹn ìbéèrè tó wá láti orí wẹ́ẹ̀bù) ẹ̀wẹ̀, tẹ́ ẹ bá béèrè Authentication (ohun tó ń sọ ẹni tó wọlé) lásán, null (òfo) lẹ máa rí fún àlejò yìí, torí ọwọ́ request ni Spring MVC, apá Spring tó ń bójú tó wẹ́ẹ̀bù, ti ń gbà á, request kì í sì í ka àlejò sí ẹni tó wọlé. @CurrentSecurityContext ni kẹ́ ẹ lò.