Agogo Tó Wà Lápá Òsì

Àwọn ọmọṣẹ́ tuntun ti dé sí wọ́ọ̀dù ìmúpadàbọ̀sípò, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru máa ń ràn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì náà ti dé. Ẹ̀yin àbúrò mi, àṣìṣe àtijọ́ ni mo rí tí ẹ tún ń ṣe. Ẹ̀bi yín nìkan kọ́. Ohun tí àwa ẹ̀gbọ́n ń ṣe lójú yín lẹ wò kọ́. Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń fọwọ́ tàbí bí a ṣe ń wọ gáùn àti ìbọ̀wọ́, torí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bá aláìsàn tí a yà sọ́tọ̀ sí yàrá àdáwà, kó má bàa kó àrùn ran ẹlòmíì, lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀kọ́ kìíní: aláìsàn tiwa kì í ṣe aláìsàn tó wá sinmi. Iṣẹ́ ló wá ṣe. Ó ń dìde, ó ń jókòó, ó ń kọ́ bí a ṣe ń de bọ́tìnnì, ó ń jẹun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń wo ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ṣáájú òun tó ti ń fi wọ́kà rìn. Ara ẹni yẹn ló ti ń rí ọ̀la tirẹ̀. Bí a bá yà á sọ́tọ̀, gbogbo èyí lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ara náà kò sì ní dúró dè wá. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2007, àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10 péré; ẹran tó dínkù lẹ́sẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù kan. Àwọn yẹn kò ní àìsàn kankan o. Ẹ wá ro ti ẹni tí ẹsẹ̀ kan ti kú tipiri tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ fún un ní ọjọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń pa aláìsàn tí a yà sọ́tọ̀ lára jù ni "ó kù díẹ̀." Ẹ mọ iye ọjọ́ àrùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí pátákó níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o. Norovirus (kòkòrò tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru): wákàtí 48 lẹ́yìn èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru tó kẹ́yìn. C. difficile (kòkòrò inú ìfun tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru): ó kéré tán, wákàtí 48 lẹ́yìn tí ìgbẹ́ bá ti dá (ẹ rántí pé sánítáísà kò ran ti C. difficile, ọṣẹ àti omi ni). Ọ̀fìnkìn ńlá tí wọ́n ń pè ní flu: ọjọ́ 7 láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, tàbí wákàtí 24 lẹ́yìn tí ibà àti ikọ́ àti àwọn àmì àìsàn ìmí yòókù bá ti lọ, èyí tó bá gùn jù nínú méjèèjì. Bí ilé ìwòsàn yín bá ní òfin tó le ju èyí lọ, òfin yẹn ni kí ẹ kọ. Bí ìgbẹ́ bá sì tún ṣẹ́ yọ ní wákàtí 40, tí ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí lákọ̀tun, ẹ lọ sọ fún un ní wákàtí yẹn gan-an, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ara pátákó ló ti máa rí i pé ọjọ́ ti yí padà, kò tún ní gba nọ́ńbà kankan gbọ́ lẹ́nu yín mọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí òun ló ń dùn mí.

Ẹ wo ọkùnrin kan tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ní apá ọ̀tún ọpọlọ. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò lágbára, ọpọlọ rẹ̀ kò sì ka apá òsì sí mọ́. Ojú rẹ̀ kò fọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lósì, bí ẹni pé kò sí láyé ni. Ìdajì oúnjẹ tó wà lápá ọ̀tún àwo ni yóò jẹ, yóò sì sọ pé oúnjẹ ti tán. Ó ti lo ọjọ́ méjìlá ní wọ́ọ̀dù. Ó ti lè rin mítà 20 bí ẹnì kan bá dì í mú. Ìgbẹ́ gbuuru wá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá àdáwà ní aago mọ́kànlá.

Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí ìwé wí. Wọ́n lẹ àmì mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gbé àga ìyàgbẹ́ wọlé, wọ́n fọ ibi tó ti kúrò. Ṣùgbọ́n ògiri ni bẹ́ẹ̀dì yàrá yẹn fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tì. Apá òsì ni agogo ìpè wà, òsì ni ife omi wà, òsì ni ilẹ̀kùn wà. Wọ́n fi agogo hàn án lóòótọ́, ó sì ní òun ti rí i. Bàtà rẹ̀ kù sí yàrá àtijọ́, nítorí ilẹ̀ ti ṣú.

Lọ́jọ́ kìíní, físíò (ẹni tó ń bá aláìsàn ṣe ìdárayá) kó ìwé ìdárayá fún nọ́ọ̀sì pé kó bá òun fi sórí tábìlì. Tábìlì wà lósì. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó béèrè bóyá yóò ṣe eré ìdárayá lónìí. Ògiri ni ọkùnrin náà kọjú sí, kò dáhùn. Wọ́n kọ sínú fáìlì pé: "Aláìsàn kọ̀." Àwọn nọ́ọ̀sì kọ tiwọn: "Ara rẹ̀ balẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni." Àwo oúnjẹ ń jáde ní ìdajì, wọ́n ní kò nífẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Lóru ọjọ́ kẹta ìgbẹ́ gbọ̀n ọ́n, ó gbìyànjú láti fi ìbọ̀sẹ̀ lásán dìde, ó sì ṣubú sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti àga ìyàgbẹ́. Àárọ̀ ni wọ́n tó rí i. Ẹni tó ń rin mítà 20 kò tún lè dá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

Irú èyí kì í ṣe ti wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú. Ní yàrá àtijọ́ náà, òsì ni agogo rẹ̀ sábà máa ń wà. Àwa fúnra wa la ń fi nǹkan sósì kí ọpọlọ rẹ̀ lè máa wá a, ìtọ́jú tó dára sì ni. Kò sì sí ewu, nítorí pé kì í ṣe agogo ló ń pè wá. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ló ń pè wá: "Nọ́ọ̀sì, bàbá yìí fẹ́ dìde o." Òun ló ń yí àwo oúnjẹ rẹ̀, òun ló ń sọ fún un pé bàtà rẹ̀ rèé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bo àléébù wa, a kò sì mọ̀. Nígbà tí a yà á sọ́tọ̀, a yọ wọ́n kúrò, a kò fi nǹkan kan rọ́pò wọn. Ẹ fi ohun ìdárayá sósì bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n agogo kì í ṣe ohun ìdárayá. Ọwọ́ tó dáa ni kó wà, kẹ́ ẹ fi ìdè so ó mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kẹ́ ẹ má sì béèrè bóyá ó rí i. Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ lójú yín, kí iná sì tàn lókè ilẹ̀kùn.

Ẹni tí a gbé pọ̀n ni kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ń lò nínú yàrá, a ó bọ́ gáùn, a ó jáde. Ìwádìí kan ní 1999 ti fi hàn pé ìdajì iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ ń wọlé tọ aláìsàn mìíràn ni wọ́n ń wọlé tọ ẹni tí a yà sọ́tọ̀. Èyí tó jáde ní 2003 láti Toronto àti Boston ka ìpalára 31 nínú ẹgbẹ̀rún ọjọ́ fún àwọn tí a yà sọ́tọ̀, 15 fún àwọn yòókù. Ohun tó pọ̀ jù nínú àlékún náà ni èyí tí ìtọ́jú lásán ìbá dènà: ìṣubú, egbò ìdùbúlẹ̀, àìtó omi lára.

Nítorí náà, ẹ kó gbogbo ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé e lóru yẹn, kẹ́ ẹ má dúró di àárọ̀: awò ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àti bátìrì rẹ̀, eyín àtọwọ́dá, bàtà, wọ́kà tí gíga rẹ̀ ti bá a mu, tìmùtìmù tó ń jókòó lé, wáyà fóònù. Wọ́kà àti bẹ́líìtì ìdìmú (èyí tí a fi ń di aláìsàn mú bó bá ń rìn) yóò máa gbé inú yàrá títí yóò fi jáde. Ẹ mú bẹ́líìtì tí a lè nù. Èyí tó jẹ́ aṣọ máa ń fa omi mu, oògùn apakòkòrò kò sì ní ráyè dúró lójú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Bí ẹ bá ti wọ gáùn tán, ẹ má fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣòfò nínú rẹ̀. Ẹ bá nọ́ọ̀sì wọlé pọ̀, kẹ́ ẹ sọ ìwẹ̀ àárọ̀ di ìdárayá: kó yí padà fúnra rẹ̀, kó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kó dìde níwájú bàsíà, kó fi ọwọ́ tó dáa di ọwọ́ tó kú mú wẹ̀. Ẹ wọn yàrá náà. Bó bá jẹ́ mítà mẹ́rin láti bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mítà 20 tó ń rìn tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, kó mọ̀ pé ohun tó ti ní kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún dídìde àti jíjókòó, gíga bẹ́ẹ̀dì ni òṣùwọ̀n yín: ẹ gbé e sókè títí ìbàdí yóò fi ga ju orúnkún lọ, kó dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó sinmi, kó tún un ṣe, lọ́jọ́ kejì ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Èyí tó léwu láti dá ṣe, ẹ má fi í sínú ìwé tí ẹ ó fi sílẹ̀ fún un. Ohun tí yóò máa dá ṣe lórí ìdùbúlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí wákàtí oúnjẹ nìkan ló máa ń mọ̀ nínú yàrá yẹn.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ìbòmú sì ti bo ìdajì ojú. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ń fi ètè wa àti ojú wa gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò lè tú. Ẹ dúró síwájú fèrèsé ilẹ̀kùn láìtíì wọ ìbòmú, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rí yín, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ tó wọṣọ wọlé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gàdàgbà sórí bébà: DÌDE. OMI. Ní Làìbéríà nígbà Ebola, ní 2015, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Mary Beth Heffernan, ya fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà aṣọ ìdáàbòbò wọn. Bébà àti ìtẹ̀wé ni ó gbà. Kò sí wọ́ọ̀dù tí kò lè ṣe é.

Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa ní T6 (egungun ẹ̀yìn kẹfà ní ìpele àyà) tàbí lókè rẹ̀, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láìṣètò ìpè tó lè tẹ̀; bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, kó jẹ́ èyí tó lè fi orí tàbí èémí tẹ̀. Bí rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀ bá ká, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru sókè láàárín ìṣẹ́jú, orí á máa fọ́ ọ, òógùn á bò ó, bó bá sì jẹ́ ọrùn ló ti fara pa, ó lè má lè na ìka kan sí agogo.

Ọ̀rọ̀ "kọ̀" tí ẹ ń kọ sínú fáìlì, ẹ bá mi fi sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ fi lọ̀ ọ́, aago tí ẹ fi lọ̀ ọ́, ibi tí ẹ dúró sí, àti ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹni tí a yà sọ́tọ̀ bá sọ pé kò rẹ òun lọ́kàn, pé ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà tiẹ̀ jẹ́ kí òun rí oorun sùn, ẹ gbà á gbọ́. Àwọn bẹ́ẹ̀ wà, ariwo wọ́ọ̀dù ti sú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń tijú. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ wa tó ń kọjá, wọ́n ń rí i bí a ṣe ń na ọwọ́ gbọọrọ gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn ti di ẹlẹ́gbin.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ àmì kúrò lára ilẹ̀kùn, ẹ má kàn gbé e padà sáàárín èèyàn. Ẹ sọ fún àwọn ará yàrá rẹ̀ kó tó dé pé ó ti kúrò lẹ́ni tó ń kó àrùn ran ènìyàn. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà náà, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré kó tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.