Gáàsì kọ́ ló tán, ìdọ̀tí ni

Bí ìyá ọkọ mi bá wá kí wa láti Kétu, yàrá àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń sùn. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta, mo gbọ́ ohùn wọn: "Ìyàwó, ìyàwó o! Òjò ń rọ̀ nínú ilé yín!" Mo tanná. Omi ń kán láti ara amúlétutù, tí à ń pè ní clim níbí ní Àjàṣẹ́, ó ń kán tó, tó, tó sórí ẹní wọn, ìborùn wọn ti tutù rinrin. Wọ́n wò mí, wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n ní: "Abẹ̀bẹ̀ tèmi kì í tọ̀ síni lára."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Kò tíì pé oṣù méjì tí mo san 20,000 sẹ́fà lórí clim yẹn. Nígbà náà, kò mú yàrá tutù mọ́, yìnyín sì bo páìpù rẹ̀ níta. Bọ̀dá tó wá tún un ṣe fọwọ́ kan páìpù lásán, ó ní, "Màdáámù, gáàsì ti tán." Ó rọ òmíràn sí i, ó gbowó, ó lọ. Kò ṣí inú rẹ̀ wò rárá. Ó sì tutù lóòótọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ohun tó tàn mí jẹ gan-an nìyẹn: ó ti pa á kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yìnyín náà ti yọ́, bẹ́ẹ̀ gáàsì ni mo rò pé ó ṣe é.

Lẹ́yìn òru ìyá, aládùúgbò wa fi ọmọkùnrin kan láti Adjarra hàn mí. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni: "Tàńtí, ìgbà wo lẹ fọ asẹ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn?" Mi ò mọ̀ pé ó ní asẹ́. Ọdún mẹ́ta la ti ń lò ó o.

Ó ṣí iwájú rẹ̀, ó fa asẹ́ méjì yọ. Erùpẹ̀ pupa ojú títì wa ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó nípọn bí irun àgùntàn, ó kàn ń ká a bí ẹni ń ká ẹní ni. Àwọn irin pẹlẹbẹ tínínrín tó wà lẹ́yìn asẹ́ ti dí pa. Omi tó fi fọ̀ wọ́n dúdú bí omi aró. Nígbà tó fẹ́ ojú páìpù tí omi ń gbà jáde, ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá bọ́ sílẹ̀, òkú ọmọńlé gbígbẹ kan sì tẹ̀ lé e. Mo wọlé lọ fọwọ́.

Òun ló là mí lóye. Gáàsì clim kì í ṣe epo tí mọ́tò ń jó. Inú páìpù tí wọ́n dé pa pátápátá ló ń yí ká. Bí kò bá jò, kò níbi tó fẹ́ lọ. Bó bá dín kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tó ti ń jò kí wọ́n tó rọ òmíràn: ọṣẹ olómi ni wọ́n fi ń pa oríkèé páìpù, ibi tó bá ń hó nìyẹn. Tèmi ò hó níbì kankan. Kódà gáàsì inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ní láti fà á jáde, kó sì fi òṣùwọ̀n wọn iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà sí i.

Yìnyín náà ńkọ́? Bí èruku bá dí asẹ́, afẹ́fẹ́ yàrá ò ní ráyè kọjá lára irin tútù yẹn, òtútù á wọ́ jọ síbẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dì. Gáàsì tó dín kù náà máa ń fa yìnyín, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pe bọ̀dá àkọ́kọ́ ní olè. Ṣùgbọ́n asẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Nísinsìnyí, nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń fọ asẹ́; ìgbà tó kù, oṣooṣù. Mo máa ń pa iná rẹ̀ lára ògiri, mo fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́, abẹ́ òjìji ni mo sì ń sá a sí, torí oòrùn máa ń ká a kò. Irin ẹ̀yìn asẹ́, mo fi í sílẹ̀ fún ọmọ Adjarra lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún; omi tó bá le jù máa ń tẹ̀ ẹ́. Etí ọ̀sà la wà, afẹ́fẹ́ wa kún fún omi, nítorí náà bí clim bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan tí páìpù ò kán níta, mo ti mọ̀ pé inú ilé ló máa gbà jáde. Àfi nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ.

Àpò àgbàdo tí ọkọ mi tò síwájú apá clim tó wà níta, a ti kó o kúrò. Ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde.

Ó ku àwọn ọmọ, tí wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí 16 kó lè tètè tutù. Irú tiwa ò ní torí ìyẹn yára ju 25 lọ, kò kàn ní sinmi ni. Abẹ́ ìrọ̀rí ìyá ọkọ mi ni rìmóòtù wà báyìí, 27 ni wọ́n sì ń fi sí.