Ilẹ̀kùn ọkọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ ṣí kí ẹ tó ṣí ti ilé

Iṣẹ́ tirela ni mò ń ṣe ní Gánmọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Bí ásùlù, irin tó so taya ọ̀tún mọ́ ti òsì, bá tẹ̀, bí fírémù bá là, bí bọ́dì bá jẹrà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Ìdí nìyẹn tí kò fi yà mí lẹ́nu nígbà tí àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Texas pè mí lórí WhatsApp pé òun àti ọkọ òun fẹ́ ra fifth wheel, ilé oníkẹ̀kẹ́ tí pikọ́ọ̀pù ń fà, tí wọn yóò máa gbé tọ̀sán-tòru. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló yà mí lẹ́nu. Kíṣíìnì, kíṣíìnì, kíṣíìnì. Fíríìjì tó ga jù mí lọ, àga ìrọ̀gbọ̀kú tó ń gbóná fúnra rẹ̀, iná tó ń tàn lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo wò ó títí, n kò rí ibì kankan tí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó ya ásùlù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nípa kíṣíìnì yẹn."

"Kíṣíìnì dára. Lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín níbi tí awakọ̀ ń gbà wọlé, kí o ya ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara fírémù ibẹ̀ fún mi."

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí irú ilé yìí rí: kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́ bọ́ńpà o. Ọrùn ni èyí ní. Ọrùn náà á gun ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, kínpìnì, irin kúkúrú tó yọ lábẹ́ rẹ̀, á wọ ẹnu àwo irin tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, lókè ásùlù ẹ̀yìn gan-an tàbí níwájú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn orí tirela èyíkéyìí tó bá páàkì ní Ẹyẹnkọrin, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ti Amẹ́ríkà yìí ló kàn kéré. Kínpìnì wọn pàápàá, ínṣì 2 ni, bíi ti ọ̀pọ̀ tirela tiwa. Nítorí pé ásùlù ẹ̀yìn ló ru ẹrù yẹn, ìdí ilé kì í sábà fì sọ́tùn-ún fì sósì lójú ọ̀nà, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ láti January dé December sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Inú ọrùn ni yàrá ìbùsùn sábà máa ń wà. Bí wọ́n bá débi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, ògiri á yọ síta, pálọ̀ á sì fẹ̀.

Àbúrò mi kì í dúró lójú kan. Nọ́ọ̀sì aláàdéhùn ni. Ọ̀sẹ̀ 13 ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́; bó bá parí ní ilé ìwòsàn kan, ó di ìlú mìíràn. Texas wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí i pé ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó láàárín wọn, nítorí náà ìwé kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ilé ni. Ta ló fẹ́ fi yàrá rẹ́ńtì fún ẹni tí kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ níbẹ̀? Ẹni tó bá sì gbà, owó gọbọi ló máa pè. Ọkọ rẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ilé, ọmọ wọn kò sì tíì ju ọmọ jẹ́léósinmi lọ.

Nígbà tí Àlàájà, ìyá wa, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Àjàṣẹ́, wọ́n ní, "Ẹni tí kò ní ojúlé, níbo ni èèyàn ó ti bá a bí ọ̀rọ̀ bá dé? Ọmọ mi ò kúkú da màlúù." Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ìbéèrè àgbà ni. Ìjọba Amẹ́ríkà náà ń béèrè rẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ tàbí kí ẹ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, wọ́n á béèrè ibi tí ẹ ń gbé. Àwọn tó ń gbé inú ilé oníkẹ̀kẹ́ sábà máa ń fi ara wọn sábẹ́ South Dakota, Florida tàbí Texas, torí pé àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í gba owó orí lára owó oṣù. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Escapees wà ní Livingston ní Texas níbẹ̀, tó ń gba lẹ́tà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n bá wà. Ojúlé Àlàájà ti rí ìdáhùn nìyẹn. Èyí tí kò tíì rí ìdáhùn ni ti owó. Owó ilé àti owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀sì aláàdéhùn láìyọ owó orí, ẹni tó ní ibùgbé gidi níbìkan, tó ń náwó lé e lórí, ló tọ́ sí. Ẹni tó ti kó gbogbo ilé rẹ̀ sórí taya lè bára rẹ̀ nípò pé wọ́n ń yọ owó orí lára gbogbo rẹ̀. Mo ní kó lọ bá akáúńtáǹtì kó tó bá ẹni tó ń ta ilé. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tèmi.

Iṣẹ́ tèmi ni ìwé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dé ní alẹ́ ọjọ́ kejì: páùn 2,180, páùn ìwúwo, kì í ṣe ti owó. Iye yẹn ni gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà lè gbé lé ara, èèyàn pẹ̀lú ẹrù.

Ọkọ̀ wọn lágbára, dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, ẹni tó sì tà á fún wọn ní ó lè fa ohun tó ju páùn 15,000 lọ. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n fífà lọ́tọ̀, rírù lọ́tọ̀. Fifth wheel kì í tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn lásán, ó ń jókòó lé e. Bí ẹ bá wọn ilé náà pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, ìdá 15 sí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni kínpìnì ń gbé lé ẹ̀yìn ọkọ̀. Èmi máa ń fi 20 ṣírò. Ilé oníkíṣíìnì yẹn, páùn 16,000 ni ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ó ju tọ́ọ̀nù 7 lọ. Ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ 3,200. Ọkọ̀ ní 2,180. Ẹ wá yọ bàbá, ìyá àti ọmọ kúrò nínú 2,180 yẹn, ká pè wọ́n ní 400. Ẹ yọ àwo irin tí kínpìnì ń wọ̀, 180. Ó ku 1,600. Ọkọ̀ tó ku 1,600 fún kò gbọ́dọ̀ fa ilé tó ju 8,000 lọ, ìdajì èyí tí wọ́n ti fẹ́ san owó àsansílẹ̀ lé lórí.

Ọkọ rẹ̀ gba fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé tí wọ́n fi polówó ẹ̀ ní 12,800 ni o, kì í ṣe 16,000."

Òfìfo nìyẹn. 12,800 nígbà tí kò tíì sí omi, kò sí aṣọ, kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí ìkòkò, tí Àlàájà kò sì tíì fi ẹ̀lùbọ́ ránṣẹ́. Gálọ́ọ̀nù omi kan ní Amẹ́ríkà wọn páùn 8.34, ẹ bu omi gálọ́ọ̀nù 100 sínú táńkì, ẹ ti fi páùn 834 kún un. Ẹni tó ń lọ gbádùn òpin ọ̀sẹ̀ lè fi òfìfo ṣírò bó bá wù ú. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, kò ní òfìfo láé. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù ni kí ẹ máa fi ṣírò.

Àwọn ọlọ́jà á ní kí ẹ ra báàgì afẹ́fẹ́ sí ìdí sípíríńgì, pé ó ti tán. Báàgì yẹn á gbé ìdí ọkọ̀ sókè kó má baà wọ́lẹ̀ lójú, kò ní pa nọ́ńbà kan rẹ́ lára ìwé ilẹ̀kùn. Àgbàlá wa ní Gánmọ̀ kún fún ohun tí àpọ̀jù ẹrù ń dá sílẹ̀. Etí ibi tí wọ́n ti jó ìdè sípíríńgì mọ́ fírémù ni ó ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, ìlà tín-ínrín bí irun orí, ìpẹtà pupa díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ á ní ìdọ̀tí ni. Kó tó dé Jẹ́bà, ó ti là. Nítorí náà ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n ra ilé kékeré, tàbí kí wọ́n ra ọkọ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú Ford F-350 tàbí Ram 3500 tó ní taya mẹ́rin lẹ́yìn. Wọ́n yan ọkọ̀. Mo tún ní kí wọ́n rántí pé ní Texas, bí ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún ọkọ̀ àti ilé pọ̀ bá ju 26,000 lọ, tí ti ilé nìkan sì ju 10,000 lọ, láísẹ́ǹsì Class A ni awakọ̀ yóò gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọkọ̀ akérò tàbí akẹ́rù. Ẹni tó tà á kò dárúkọ ìyẹn fún wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbà kí a wọ inú ilé. Àwọn fọ́tò tí wọ́n ń polówó, ògiri ti yọ síta ni wọ́n ń yà á. Mo ní kí wọ́n sọ fún ọlọ́jà kó ti gbogbo ògiri wọlé, kí àbúrò mi wá gbìyànjú láti dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti fíríìjì. Nínú ọ̀kan, tábìlì àárín kíṣíìnì lọ fẹnu ko ilẹ̀kùn fíríìjì, kò ṣí. Nínú òmíràn, ẹ ò lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àfi kí ẹ kọ́kọ́ yọ ògiri síta, ọmọ kékeré sì wà nínú ọkọ̀. Ẹ rò ó wò ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ fẹ́ irú èyí tó ní gáréèjì lẹ́yìn, kó sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Mo ní rárá. Wọ́n ṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ kí ọ̀kadà tàbí mọ́tò kékeré lè jókòó sí ìdí rẹ̀. Bí ìdí bá ṣófo, ọrùn ló ń wúwo, ọ̀rọ̀ kínpìnì tún dé nìyẹn. Yàrá àárín tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ló dára jù fún un: ó ní ilẹ̀kùn tó lè tì nígbà tó bá ń ṣe ìpàdé, ó sì sún mọ́ ásùlù, kò sí bí ìwé àti ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lè da ìwọ̀n rú. Íntánẹ́ẹ̀tì, Starlink ni wọn yóò lò.

Iná ńkọ́? Ilé tí wáyà iná rẹ̀ jẹ́ 50 amp ni kí wọ́n gbà. Èyí tó jẹ́ 30 amp kò ju wáàtì 3,600 lọ, AC méjì kò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ní oòrùn Texas. 50 amp ti ibẹ̀ ń gbé 12,000.

Mo tún ní kí wọ́n ka ìwé wàráǹtì títí dé ìsàlẹ̀, lẹ́tà wínníwínní ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fifth wheel kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ bá sọ ọ́ di ibùgbé, kò sí wàráǹtì mọ́. Ìnṣọ́ránsì náà, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni kí wọ́n béèrè. Torí wàráǹtì yìí ni mo ṣe ní kí wọ́n má ra tuntun. Èyí tí ẹlòmíràn ti lò fún bí ọdún mẹ́ta, tó ti bínú sí i, tó ti tún gbogbo ohun tó ń jò ṣe, sàn lójú mi. Kó má sáà gbó jù, nítorí àwọn ibùdó kan kì í gba ilé tó ti lé ní ọdún 10.

Taya kò gba àlàyé púpọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT tó wà lára taya, bíi 2321: ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2021. Kó wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti sípéà.

Ohun tí mo kọ́ àbúrò mi lórí fídíò títí ó fi mọ̀ ọ́n ni bí wọ́n ṣe ń so ilé mọ́ ọkọ̀. Kó tan tọ́ọ̀ṣì, kó bẹ̀rẹ̀, kó wo abẹ́ ọrùn. Àwo òkè àti àwo ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ra típẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín wọn kọjá, kínpìnì ga jù, kò tíì wọ̀. Kó wá wo ẹnu irin bóyá ó ti di ọrùn kínpìnì mú yíká. Lẹ́yìn náà, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ irin ilé ṣì wà nílẹ̀, kó fi bíréèkì ilé nìkan mú taya, kó rọra wa ọkọ̀ síwájú. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ tí ilé sì dá a dúró, ó ti wọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fa tirela jáde lọ́dọ̀ mi láìṣe èyí, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kò bá ṣe é ní Amẹ́ríkà, gbogbo ọrùn ilé ni yóò já lu ẹ̀gbẹ́ pikọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ilé tí wọ́n mú báyìí, páùn 14,000 ni òpin rẹ̀, ó ní yàrá àárín, abẹ́ rẹ̀ sì dì pa, ẹ̀rọ ń fẹ́ ooru sí ìdí àwọn táńkì, torí àbúrò mi ti ń fojú sí iṣẹ́ kan ní Colorado, omi sì máa ń dì nínú páìpù níbẹ̀. Ìwé ilẹ̀kùn ọkọ̀ tuntun kọ 5,300. Ẹni tí yóò gun àjà, tí yóò wo gbogbo ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí, wọ́n ti sanwó fún un, kì í sì í ṣe ẹni tí ọlọ́jà mú wá. Bí wọ́n bá kó ẹrù wọn tán, wọn yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí CAT Scale, òṣùwọ̀n ọkọ̀ ńlá, níbi tí àwọn tirela ti ń ra epo, kí nọ́ńbà mi má baà jẹ́ ti ẹnu lásán.

Ó ku ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ méjì. Àbúrò mi ní ẹni tó bá fẹ́ méjì ni yóò máa wọ ìbọ̀wọ́, tí yóò máa fa páìpù ìgbẹ́ méjì. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti wà lórí ẹ̀.